Ìpele Wo Ni Ìjì Náà Wà, Ta Ló sì Sọ Ọ́ Lórúkọ?

Lẹ́tà tó wọlé lórí ìjì ńlá ojú òkun pọ̀ débi pé a ya gbogbo abala ìbéèrè àti ìdáhùn ti ọ̀tẹ̀ yìí sọ́tọ̀ fún un. A pa àwọn tó jọra pọ̀ di ọ̀kan.

Ìbéèrè: Ìròyìn kan á ní hurricane ló jà, òmíràn á ní typhoon, òmíràn á tún ní cyclone. Ṣé ìjì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Ìjì kan náà ni, ibi tó ti ń jà ló ń yí orúkọ rẹ̀ padà. Tó bá jà lórí òkun Atlantic, lórí òkun Caribbean, ní Gulf of Mexico tàbí ní apá ìlà oòrùn Pacific, hurricane ni. Tó bá jà ní apá àríwá ìwọ̀ oòrùn Pacific, níbi tí Japan, Philippines àti China wà, typhoon ni. Lórí òkun India àti ní gúúsù Pacific, cyclone ni wọ́n ń pè é. Tropical cyclone ni àwọn onímọ̀ fi kó gbogbo wọn pọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń dìde náà kò yàtọ̀. Omi òkun gbọ́dọ̀ gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 26.5 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kì í sì í ṣe lójú omi nìkan. Ooru náà gbọ́dọ̀ wọnú lọ tó nǹkan bí 50 mítà. Ìdí ni pé ìjì máa ń ro omi òkun láti ìsàlẹ̀ wá sókè, bí omi tútù bá sì wà nítòsí lábẹ́, ìjì náà á fọwọ́ ara rẹ̀ pa iná tó ń yá. Afẹ́fẹ́ òkè kò gbọ́dọ̀ sáré gba ọ̀nà tó yàtọ̀ púpọ̀ sí ti ìsàlẹ̀, torí ìyẹn á gbé orí ìjì kúrò lórí ìdí rẹ̀. Ìjì náà sì gbọ́dọ̀ jìnnà tó nǹkan bí ìwọ̀n látitúùdì márùn-ún sí ìlà agbedeméjì ayé, torí yíyí tí ayé ń yí ló ń mú kí afẹ́fẹ́ rẹ̀ yí po, ipá yẹn kò sì sí lórí ìlà náà gan-an. Lápá àríwá ayé, ìjì máa ń yí lòdì sí ọwọ́ aago. Lápá gúúsù, ó máa ń bá ọwọ́ aago lọ.

Ìbéèrè: Iṣẹ́ jíógíráfì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní iye eré afẹ́fẹ́ tó wà fún ìpele kìíní dé ìkarùn-ún tí wọ́n fi ń pín hurricane, torí ìwé tó wà lọ́wọ́ mi kò bára mu.

Ìdáhùn: Olùkọ́ wa, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ìpele kìíní, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwé máa ń fò. Nígbà tí ìjì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí po, tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tíì tó 63 kìlómítà ní wákàtí kan, tropical depression ni. Nọ́ńbà ni wọ́n máa ń fún un nígbà yẹn. Láti 63 dé 118, ó ti di tropical storm, ibẹ̀ ló ti ń gba orúkọ. Tó bá dé 119, hurricane dé nìyẹn, ibẹ̀ sì ni ìpele ti bẹ̀rẹ̀. Ìpele kìíní jẹ́ 119 sí 153. Ìkejì, 154 sí 177. Ìkẹta, 178 sí 208. Ìkẹrin, 209 sí 251. Láti 252 lọ sókè, ìkarùn-ún ni. Kò sí ìkẹfà, bó ti wù kí afẹ́fẹ́ náà le tó. Patricia, tó jà ní etí Pacific ti Mexico lọ́dún 2015, dé nǹkan bí 345 kìlómítà ní wákàtí kan, ìpele karùn-ún náà ni wọ́n kọ sí i lára.

Àwọn ọmọ yín lè béèrè ìdí tí àlàfo àárín àwọn ìpele kò fi dọ́gba: ìkejì kò ju nǹkan bí kìlómítà 24 lọ, ìkẹrin sì lé ní 40. Ohun tí afẹ́fẹ́ ń ṣe fún ilé ni wọ́n fi pín in, wọn ò fi rúlà pín in. Herbert Saffir, ẹnjiníà tó mọ̀ nípa ilé kíkọ́, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Robert Simpson, tó jẹ́ olórí National Hurricane Center (NHC), àjọ tó ń ṣọ́ ìjì ní Amẹ́ríkà, ló bá a parí rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀wádún 1970. Ní ìpele kìíní, páànù orí òrùlé àti ẹ̀ka igi ńláńlá ló máa ń lọ. Ní ìkẹta, pákó òrùlé lè ṣí, iná àti omi ẹ̀rọ sì lè má sí fún ọjọ́ mélòó kan tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ní ìkarùn-ún, ọ̀pọ̀ ilé á wó pátápátá, òrùlé àti ògiri papọ̀.

Ẹ tún sọ fún wọn pé ipá tí afẹ́fẹ́ fi ń ti ògiri máa ń yára pọ̀ ju eré rẹ̀ lọ. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ipá á di ìlọ́po mẹ́rin. Afẹ́fẹ́ 252 fi díẹ̀ ju ìlọ́po méjì 119 lọ, àmọ́ ipá tó fi ń ti ògiri kan náà ju ìlọ́po mẹ́rin lọ.

Bóyá ohun tó mú kí ìwé yín máa bára wọn jà ni pé, tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń kọ ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ àti gíga omi òkun tó ya wọ ilẹ̀ mọ́ ìpele kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún 2010, wọ́n yọ méjèèjì kúrò, afẹ́fẹ́ nìkan ló kù. Ìwé tó bá ṣì ń sọ pé ìpele báyìí ń gbé omi mítà báyìí wá ti di ti àtijọ́, ẹ má fi kọ́ ọmọ mọ́.

Ìbéèrè: Ta ló ń gbé ẹ̀rọ ìwọn-afẹ́fẹ́ lọ sáàárín òkun níbi tí ìjì ti ń jà? Ṣé kì í ṣe àfojúdá ni iye tí wọ́n ń kéde?

Ìdáhùn: Àfojúdá wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ó ní ìlànà. Iye tí NHC ń kéde ni afẹ́fẹ́ tó le jù lọ níbikíbi nínú ìjì náà, ní gíga mítà mẹ́wàá sí ojú omi tàbí ilẹ̀, bó ṣe fẹ́ láì dẹwọ́ fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Èyí tó ń já lù lójijì fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan máa ń le ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọn kì í sì í fi í pín ìpele.

Níbi tí ọkọ̀ òfurufú kò bá dé, àwòrán sátẹ́láìtì ni wọ́n ń lò. Vernon Dvorak, onímọ̀ ojú ọjọ́ ará Amẹ́ríkà, ló gbé ọ̀nà náà kalẹ̀ ní ẹ̀wádún 1970. Wọ́n á wo bí ìkùukùu ṣe ká mọ́ra, bí ojú ìjì (ihò tó wà láàárín rẹ̀) ṣe hàn tó, bí inú ojú náà ṣe gbóná tó, àti bí orí ìkùukùu tó yí i ká ṣe tutù tó. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fún un ní máàkì láti 1 dé 8. Máàkì 2.5 jẹ́ knot 35, máàkì 4 jẹ́ knot 65, máàkì 6 jẹ́ knot 115, máàkì 8 jẹ́ knot 170. Knot kan jẹ́ kìlómítà 1.852 ní wákàtí kan. Ibi tí ọ̀nà yìí ti máa ń ṣini lọ́nà ni ìgbà tí ojú ìjì bá kéré gan-an tí ìkùukùu fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì bò ó: sátẹ́láìtì ò ní rí i dáadáa, wọ́n á sì fojú kéré ìjì tó ti le.

Ní Atlantic, ọkọ̀ òfurufú máa ń wọnú ìjì náà gan-an. Ilé iṣẹ́ ológun òfurufú Amẹ́ríkà ní ẹgbẹ́ kan tó wà fún iṣẹ́ yìí ní Biloxi, ìpínlẹ̀ Mississippi. Àjọ NOAA, tó ń bójú tó òkun àti ojú ọjọ́ ní Amẹ́ríkà, náà ní tiwọn. Wọ́n máa ń la ògiri ojú ìjì, ìyẹn ìkùukùu tó yí ojú náà ká, kọjá ní nǹkan bí 3,000 mítà sókè, wọ́n á sì máa ju ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní dropsonde sílẹ̀. Ó dà bí agolo gígùn tẹ́ẹ́rẹ́, ó ní párásúùtì lórí. Bó ṣe ń bọ̀ nílẹ̀, yóò máa fi ìtẹ̀ afẹ́fẹ́, ooru, ọ̀rinrin àti eré afẹ́fẹ́ ránṣẹ́ sínú ọkọ̀ títí yóò fi bọ́ sómi.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀. Ká ní ọkọ̀ náà bá afẹ́fẹ́ knot 120 pàdé lókè. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní ìpele kẹrin ni, torí knot 120 jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 222. Àmọ́ afẹ́fẹ́ ojú omi nínú ògiri ojú ìjì sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ti òkè yẹn. Ìyẹn jẹ́ 108. Knot márùn-ún márùn-ún ni wọ́n fi ń kéde, wọ́n á sì kọ 110, tó jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 204: ìpele kẹta. Ká ní wọ́n kọ 115 ni, ìpele kẹrin nìyẹn. Knot márùn-ún péré ló wà láàárín méjèèjì, ẹ̀rọ àti ìṣírò sì lè fi jù bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Nítorí náà, ẹni tó bá gbọ́ ní àárọ̀ pé ìjì tó ń bọ̀ ti já láti ìkẹrin sí ìkẹta kò gbọ́dọ̀ torí ìyẹn tú ẹrù tó ti dì.

Ìbéèrè: Ìjì kan ṣoṣo, àjọ kan ní ìpele kẹrin ni, òmíràn ní ìkẹta. Èwo ni ká gbà?

Ìdáhùn: Àwọn méjèèjì lè tọ̀nà. Ìpele Australia kì í ṣe ti Amẹ́ríkà. Ní Australia, ìpele kìíní ti bẹ̀rẹ̀ láti 63 kìlómítà ní wákàtí kan, níbi tí Amẹ́ríkà ṣì ń pè é ní tropical storm. Ìkejì bẹ̀rẹ̀ láti 89, ìkẹta láti 118, ìkẹrin láti 160, ìkarùn-ún láti 200. Ìyẹn ni pé ìpele kẹta ti Australia ló bá ìbẹ̀rẹ̀ hurricane mu.

Ìṣẹ́jú tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n náà yàtọ̀. Amẹ́ríkà ń lo ìṣẹ́jú kan. Australia àti Japan ń lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá, India ń lo mẹ́ta. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá wọ̀n máa ń kéré sí ti ìṣẹ́jú kan, torí ìgbà tó rọ̀ díẹ̀ wọ inú ìṣírò náà. India kì í tilẹ̀ lo nọ́ńbà: orúkọ ni wọ́n fi ń to tiwọn, láti depression títí dé super cyclonic storm, tó bẹ̀rẹ̀ láti knot 120. Tí ẹ bá fẹ́ fi ìjì kan wé òmíràn, ẹ fi nọ́ńbà ìpele sílẹ̀, ẹ wá kìlómítà ní wákàtí kan, kí ẹ sì béèrè ìṣẹ́jú tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi ń gbé létí òkun lókè òkun. Ó ní tí ìjì bá ti jẹ́ ìpele kìíní tàbí ìkejì, òun kì í kúrò nílé. Ṣé òótọ́ ni pé kò léwu?

Ìdáhùn: Ẹ pe ẹ̀gbọ́n yín lónìí. Ìpele ń sọ̀rọ̀ nípa afẹ́fẹ́ nìkan, omi ló sì ń pa èèyàn jù nínú ìjì. Kò sí ohun kan nínú nọ́ńbà yẹn tó sọ bí omi òkun yóò ṣe ga tó tàbí bí òjò yóò ṣe pọ̀ tó.

Hurricane Ike wọ Texas ní oṣù kẹsàn-án 2008 ní ìpele kejì péré. Omi òkun tó tì wọ ilẹ̀ ní Bolivar Peninsula ga tó mítà 4.5 sí 6. Ohun tó fà á ni pé ìjì náà fẹ̀ gan-an: afẹ́fẹ́ tó gba ibi gbígbòòrò ń ti omi púpọ̀ síwájú fún àkókò gígùn, bí ilẹ̀ abẹ́ òkun bá sì tẹ́jú tí omi ibẹ̀ kò jìn, omi náà kò ní ibòmíràn tó máa gbà ju orí ilẹ̀ lọ. Katrina ti dé ìpele karùn-ún lójú òkun lọ́dún 2005, ó ti já sí ìkẹta kó tó wọ Louisiana, síbẹ̀ omi ga ju mítà mẹ́jọ lọ ní apá kan etíkun Mississippi. Afẹ́fẹ́ lè rọ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Omi tó ti ń tì bọ̀ láti ọjọ́ méjì kì í tètè padà.

Òjò tún ní tirẹ̀. Bí ìjì ṣe ń rìn ló ṣe pàtàkì níbẹ̀, ìjì tó bá dúró sójú kan á rọ òjò rẹ̀ sórí ìlú kan náà. Lẹ́yìn tí Harvey wọ Texas ní ìpele kẹrin ní oṣù kẹjọ 2017, ó já sí tropical storm, àmọ́ kò kúrò níbẹ̀. Òjò tó rọ̀ ní Nederland, ìlú kan ní Texas, lé ní 1,500 mìlímítà. Allison, tó rọ omi bo Houston lọ́dún 2001, kò fìgbà kan di hurricane rárá, síbẹ̀ wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò títí láé nínú àwọn orúkọ tí wọ́n fi ń sọ ìjì.

Ohun tó yẹ kí ẹ̀gbọ́n yín wò kó tó wo ìpele ni ìkìlọ̀ nípa omi òkun tó ń ya wọ ilẹ̀, èyí tí NHC ti ń gbé jáde lọ́tọ̀ láti 2017. Lẹ́yìn náà, kó wo iye òjò tí wọ́n ń retí, bí ìjì ṣe ń yára rìn sí, àti ẹ̀gbẹ́ tí ilé rẹ̀ máa bọ́ sí. Lápá àríwá ayé, tí a bá kọjú síbi tí ìjì ń lọ, apá ọ̀tún ló máa ń burú jù, torí níbẹ̀ ni eré afẹ́fẹ́ àti ìrìn ìjì náà ti ń dara pọ̀ ti omi sórí ilẹ̀. Bí ìjọba bá ní kí àdúgbò rẹ̀ kúrò, kó kúrò. Omi tó ń ṣàn tí kò ga ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ lè gbé àgbàlagbà ṣubú. Sẹ̀ǹtímítà 30 lè gbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré lọ.

Kó má sì jẹ́ kí àwòrán tó rí bíi fúnẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń fi hàn tàn án. Ibi tí àárín ìjì lè gbà kọjá nìkan ni àwòrán yẹn ń sọ, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mejì nínú mẹ́ta ni àárín náà sì máa ń wà nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́, òjò àti omi òkun máa ń dé ibi tó jìnnà sí i.

Ìbéèrè: Kí ni ìyàtọ̀ láàárín hurricane watch àti hurricane warning?

Ìdáhùn: Watch jẹ́ ìtanilólobó: ó ṣeé ṣe kí afẹ́fẹ́ hurricane dé. Warning jẹ́ ìkìlọ̀: wọ́n ń retí rẹ̀. Wọ́n máa ń gbé ti àkọ́kọ́ jáde wákàtí 48, ti èkejì wákàtí 36, kí afẹ́fẹ́ 63 kìlómítà ní wákàtí kan tó dé. Wọ́n ń kà á láti 63 torí pé lẹ́yìn tó bá ti dé ibẹ̀, kò sí ẹni tó yẹ kó tún wà lórí àkàbà tó ń kan pákó mọ́ fèrèsé. Wákàtí mẹ́fà mẹ́fà ni NHC ń gbé ìròyìn jáde. Tí ìtanilólobó tàbí ìkìlọ̀ bá ti wà ní etíkun, ó di wákàtí mẹ́ta mẹ́ta.

Ìbéèrè: Ta ló ń fún ìjì lórúkọ, kí sì nìdí tí wọ́n fi ń fún un ní orúkọ èèyàn?

Ìdáhùn: Ìdí rẹ̀ ni pé ìjì méjì tàbí mẹ́ta lè wà lójú òkun lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi, tí rédíò rẹ̀ ń já, tètè máa ń gbọ́ orúkọ kúkúrú ju látitúùdì àti lóńgítúùdì lọ. Láyé àtijọ́ ní Caribbean, ọjọ́ ẹni mímọ́ tí ìjì bá jà ni wọ́n fi ń pè é. Ìdààmú tó wà níbẹ̀ hàn ní Puerto Rico: ìjì kan jà níbẹ̀ ní September 13, 1876, òmíràn jà ní September 13, 1928, San Felipe sì ni orúkọ àwọn méjèèjì. Láti 1950 dé 1952, Amẹ́ríkà lo álífábẹ́ẹ̀tì tí àwọn ológun fi ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Ní 1953 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo orúkọ obìnrin. Ní 1979, orúkọ ọkùnrin wọlé ní Atlantic, ó sì di ọkùnrin kan, obìnrin kan títí dòní.

NHC ló ń sọ ìjì Atlantic lórúkọ lọ́jọ́ tó bá dé 63 kìlómítà ní wákàtí kan, àmọ́ ìgbìmọ̀ kan lábẹ́ Àjọ Ojú Ọjọ́ Àgbáyé, WMO, ló ni ìwé orúkọ. Ìwé mẹ́fà ni, orúkọ 21 ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fo Q, U, X, Y àti Z nítorí pé orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wọn kò pọ̀. Ọdún kọ̀ọ̀kan ní ìwé tirẹ̀. Èyí tí wọ́n lò ní 2024 yóò padà wá ní 2030. Ọdún tuntun ń bẹ̀rẹ̀ láti A, ibi yòówù kí ti èṣí dúró sí.

Ìlànà yìí kò kan gbogbo òkun. Ní apá ìwọ̀ oòrùn Pacific, orílẹ̀-èdè àti agbègbè 14 ló mú orúkọ mẹ́wàá mẹ́wàá wá, ó di 140. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe orúkọ èèyàn: òdòdó, ẹranko, àní oúnjẹ wà níbẹ̀. Àjọ ojú ọjọ́ Japan ní Tokyo ló ń pín in, wọ́n á sì máa lò ó tẹ̀lé ara wọn láì padà sí ìbẹ̀rẹ̀ bí ọdún bá yí. Philippines tún ń fún ìjì tó bá wọ agbègbè wọn ní orúkọ tiwọn, ìdí nìyẹn tí Haiyan ti 2013 fi ń jẹ́ Yolanda níbẹ̀. Ní àríwá òkun India, orílẹ̀-èdè 13 mú 13-13 wá, ó jẹ́ 169, ìwé náà jáde lọ́dún 2020; wọn kì í lo orúkọ kan lẹ́ẹ̀mejì.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè fi orúkọ ìyá mi ránṣẹ́ kí wọ́n fi sọ ìjì kan?

Ìdáhùn: Wọn kì í gbà á. Wọn kì í fi ẹnì kan pàtó sọ ìjì. Orúkọ tó kúrú, tó rọrùn láti pè, tí kò sì ní ìtumọ̀ burúkú ní èdè àwọn tó máa gbọ́ ọ ni wọ́n ń wá.

Ìbéèrè: Kí nìdí tí kò fi sí Katrina mọ́?

Ìdáhùn: Tí ìjì bá pa èèyàn tàbí ba nǹkan jẹ́ débi pé kò ní bójú mu láti tún fi orúkọ náà pe òmíràn, ìgbìmọ̀ WMO máa ń yọ ọ́ nínú ìpàdé ọdọọdún, wọ́n á sì fi òmíràn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà kan náà rọ́pò rẹ̀. Katia ló rọ́pò Katrina, Dexter ló rọ́pò Dorian ti 2019. Lẹ́yìn 2024, Beryl, Helene àti Milton lọ, Brianna, Holly àti Miguel wọlé. Ìpele kọ́ ni wọ́n ń wò. Erika, tó da omi bo Dominica lọ́dún 2015, kò kọjá tropical storm, wọ́n yọ ọ́.

Ìbéèrè: Bí ìjì bá gba orí ilẹ̀ kọjá sí òkun mìíràn, ṣé wọ́n ń tún un sọ lórúkọ?

Ìdáhùn: Tí kò bá tú ká lójú ọ̀nà, orúkọ rẹ̀ náà ló máa jẹ́. Bonnie la Nicaragua kọjá láti Atlantic sí Pacific ní 2022, Bonnie ló sì ń jẹ́ lọ. Freddy, tí Australia sọ lórúkọ ní oṣù kejì 2023, ré gbogbo òkun India kọjá, ó sì ba Mozambique àti Malawi jẹ́ ní oṣù kẹta pẹ̀lú orúkọ kan náà. Tó bá tú ká tán tí òmíràn wá dìde láti ara ìyókù rẹ̀, orúkọ tuntun ni: ìyókù Amanda ti Pacific ló di Cristobal ní Gulf of Mexico ní 2020.

Ìbéèrè: Bí orúkọ 21 bá tán kí ọdún tó parí ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti nílò ju 21 lọ. Ní 2005 àti 2020, wọ́n bọ́ sórí álífábẹ́ẹ̀tì Gíríìkì: ti 2005 dé Zeta, ti 2020 dé Iota, tó jẹ́ ìjì ọgbọ̀n lọ́dún kan. Ó mú wàhálà wá. Zeta, Eta àti Theta jọra létí, wọ́n sì wà lójú òkun láàárín àkókò tí kò jìnnà síra. Eta àti Iota tún ṣọṣẹ́ débi pé ó yẹ kí wọ́n yọ orúkọ wọn, àmọ́ ta ló fẹ́ fi lẹ́tà mìíràn rọ́pò lẹ́tà Gíríìkì? Ní oṣù kẹta 2021, WMO pa ìlànà náà tì. Ní báyìí, ìwé orúkọ àfikún kan wà nílẹ̀, òun náà bẹ̀rẹ̀ láti A, orúkọ èèyàn ló sì wà nínú rẹ̀, kó lè ṣeé yọ kó sì ṣeé rọ́pò.